Corolla 2005, Micra àbí Yaris: èwo ló ń ṣọ́ epo jẹ, tí kò sì ní fọ́ èèyàn níbàdí n'Ìbàdàn?

Àdìgún_Akóbò:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 1.8, jíà ọ́tò. Láàárọ̀, mo máa ń gbé e láti Akóbò gba Ìdí Apẹ́ àti Àgodi bọ́ sí Mọ́kọ́lá, kí n tó já sí Dùgbẹ̀ níbi iṣẹ́. Tó bá dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà kan náà ni mo máa gbà padà. Lópin ọ̀sẹ̀, mo sábà máa ń gbé màmá mi lọ sí Ọ̀yọ́. Màmá ti lé ní ẹni 70 ọdún, orúnkún sì ń yọ wọ́n lẹ́nu.

Nígbà tí lítà epo kan ṣì wà lábẹ́ 200 náírà, n kì í bi mọ́tò léèrè ohun tó jẹ. Láti ìparí May 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò kọjá 500, tó tún wá kan 1,000 kó tó di pé 2024 parí, gbogbo wa ti di oníṣirò. Nínú ìgboro, lítà kan kò gbé Corolla yìí ju kìlómítà 8 lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tà á, kí n fi ra Micra. Ìyàwó mi ní Yaris ni kí n rà. Aládùúgbò mi ní Picanto, kò sì jẹ́ kí etí mi sinmi lórí ẹ̀.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Èwo nínú wọn ni kò jẹun jù, tí màmá mi á sì lè jókòó sínú ẹ̀ dé Ọ̀yọ́ láìkérora?

OníMicra_Òjóò:

Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, torí òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Micra onírìbìtì tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀ yẹn ni mò ń wà, K11 ni wọ́n ń pè é. Ẹ́ńjìnnì 1.0 ló wà nínú tèmi. Òjóò sí Sángo, Sángo sí Mọ́kọ́lá, Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀, bí mo ṣe ń gbé èrò tí mo ń já èrò, lítà kan ń gbé mi tó kìlómítà 13. Bí ọ̀nà bá ṣí, ó ń tó 15. Èèyàn mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀ o, èmi ìkarùn-ún, ẹrù ìyá oníṣu sì wà nínú búùtù. Ẹ wá fi 8 tiyín wé e.

Kò sí oògùn ńbẹ̀. Ó fúyẹ́ ni. Micra yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju kìlógíráàmù 900 lọ, Corolla tiyín ti lé ní 1,100. Níbi tí èèyàn bá ti ń dúró tó tún ń ṣí, ìwúwo yẹn lẹ ń fi epo gbé dìde nígbà gbogbo. Ọ̀nà tiyín sì rèé, láti Ìdí Apẹ́ dé Mọ́kọ́lá, ìgbà mélòó lẹ ń dúró?

Bí ẹ bá máa rà á, onífọwọ́-yí-jíà ni kí ẹ rà. Àwọn kan wà tó jẹ́ ọ́tò, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò pọ̀ nílùú yìí. Ẹ sì ka ilẹ̀kùn ẹ̀ kí ẹ tó sanwó, torí onílẹ̀kùn mẹ́ta wà, onílẹ̀kùn márùn-ún wà.

N kò ní tan yín jẹ lórí ti ìdẹ̀ra. Ẹni tó bá ga tó jókòó sẹ́yìn, orúnkún ẹ̀ á kan ìjókòó iwájú. Iwájú ni kí màmá máa jókòó.

ÌyáÌbejì_Bódìjà:

Ẹ kú àlàyé, ọ̀gá onímọ́tò. Àmọ́ ẹ̀yin ọkùnrin, epo nìkan lẹ máa ń rí. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ màmá.

Àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn, ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe ìrìn àjò gan-an, wíwọlé àti jíjáde ni. Mọ́tò tí ìjókòó ẹ̀ bá lọ sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ já lulẹ̀ sínú ẹ̀ ni, bí wọ́n bá sì fẹ́ jáde, ẹni méjì ni yóò dì wọ́n mú. Ìyá ọkọ mi rèé, Corolla ò bá wọn lára mu rárá. Matrix ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ́ńjìnnì 1.8 tó wà nínú Corolla yẹn náà ló wà nínú Matrix, orí ìpìlẹ̀ Corolla ni wọ́n sì kọ́ ọ lé, ṣùgbọ́n òrùlé ẹ̀ ga, ìjókòó ẹ̀ náà ga, ìdí màmá á kàn bọ́ sórí ẹ̀ ni, kò sí pé wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣí gbayawu, kẹ̀kẹ́ aláìsàn gan-an á wọ ibẹ̀ bí ẹ bá ń lọ sí UCH.

Tó bá jẹ́ Yaris ni ìyàwó yín ń wò, ẹ ṣọ́ra o. Yaris ẹlẹ́yìn-gígé tó wọ Amẹ́ríkà ní 2007 àti 2008, ilẹ̀kùn méjì péré ló ní fún èrò, ìkẹta ni ti búùtù. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó sẹ́yìn gbọ́dọ̀ ká ìjókòó iwájú, kó wá rá gba ibẹ̀ wọlé. Ṣé màmá lẹ máa ní kí wọ́n ṣe ìyẹn? 2009 ni onílẹ̀kùn márùn-ún tó wọ Amẹ́ríkà. Bó bá jẹ́ 2007 lẹ rí, èyí tó ní búùtù gígùn ni kí ẹ wá, òun ní ilẹ̀kùn mẹ́rin.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ajíbọ́dẹ:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ kún un. Àjọ kan wà lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, EPA, òun ló ń gbé iye epo tí mọ́tò ń mu jáde. Bí a bá pa ìgboro àti ọ̀nà jíjìn pọ̀, Corolla 2005 ọ́tò ń rin nǹkan bíi máìlì 29 lórí jálá kan. Yaris 2007 ọ́tò, ẹ́ńjìnnì 1.5, ń rin bíi 31. Jálá Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 3.785, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Ìyẹn ni pé lítà kan á gbé Corolla lọ sí kìlómítà 12.3, á gbé Yaris lọ sí 13.2.

Ẹ wá yí i padà. Láti rin kìlómítà 100, Corolla fẹ́ lítà 8.1, Yaris fẹ́ 7.6. Ìdajì lítà ni wọ́n fi ju ara wọn lọ! Ẹni tó bá ń rin kìlómítà 1,000 lóṣù á rí lítà 5 fi pa mọ́. Ká ní 1,000 náírà ni lítà kan, 5,000 náírà lóṣù nìyẹn. Ẹ wá wo iye tí ẹ máa fi lé owó Corolla kí ẹ tó rí Yaris tó mọ́ rà, kí ẹ fi 5,000 pín in, ẹ ó rí iye oṣù tí yóò gbà yín kí owó yẹn tó padà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé kí ló fa 8? Mọ́tò yìí kan náà ní 11 nínú ìgboro lórí ìwé EPA. Ìbàdàn kì í ṣe Amẹ́ríkà, mo gbà, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Road nìkan tó í sọ 11 di 9 tàbí 10. Síbẹ̀ 8 ti kéré jù.

Sàrùmí_RingRoad:

Kò kéré jù o, àbúrò. Corolla tèmi 2006, 7 ló ń ṣe. Mo ra lítà 30, 215 ló gbé mi kó tó tún béèrè. Èmi ti pinnu, mo fẹ́ tà á.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ajíbọ́dẹ:

Ẹ̀gbọ́n, 215 kí ni? Ṣé tòkúnbọ̀ Amẹ́ríkà ni? Ẹ wo ojú dáṣíbọ́ọ̀dù dáadáa, bóyá MPH ló tóbi níbẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, máìlì ni nọ́ńbà tó ń yí nísàlẹ̀ náà ń kà. Máìlì 215 jẹ́ kìlómítà 346. Ẹ fi 30 pín in, 11.5 ni.

OníMicra_Òjóò:

Ha! Ẹ̀gbọ́n Ring Road jókòó ti abọ́ iyán tó kún, wọ́n ń pariwo ebi.

Tòkúnbọ̀_Challenge:

Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ti kúrò lọ́wọ́ onílé rẹ̀ báyìí, èmi tí mò ń tà á ni mò ń sọ ọ́. Micra tó wá láti Yúróòpù ń ka kìlómítà, Corolla Amẹ́ríkà ń ka máìlì, àwọn méjèèjì á wá jókòó sí ilé ọtí, wọ́n á máa fi nọ́ńbà du ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ba Picanto. Àkọ́kọ́ tó jáde, èyí tó wà títí di 2011, ẹ́ńjìnnì 1.0 tàbí 1.1 ló ní. Ní ti epo, ó sún mọ́ Micra. Nínú ìgboro, kò sẹ́ni tó lè bá a du ibi ìdúró sí ní Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n táńkì ẹ̀ kò gbà ju lítà 35 lọ, ti Corolla gba 50. Lọ́nà Ọ̀yọ́, bí tírélà bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ ó mọ̀ pé ó kọjá, torí atẹ́gùn ẹ̀ á mi yín. Kì í ṣe mọ́tò burúkú o. Ìgboro ni wọ́n ṣe é fún.

Ohun kan tí ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé: páàtì Bẹ́ljíọ̀mù Corolla wà káàkiri, láti Gate dé abúlé. Ti Picanto, ẹ ó wá a. Owó tí ẹ fi pamọ́ lórí epo lè bá páàtì lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

BàbáArúgbó_ÒkèÀdó:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín. Ẹ kò tíì jókòó nínú mọ́tò tó dẹ̀. Ẹ lọ béèrè Peugeot 504 lọ́wọ́ bàbá yín. Mọ́tò tó ń wọ kòtò tí ìbàdí ò ní mọ̀! Ìjókòó ẹ̀ rọ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, ó ń gbéra sókè ó ń balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó. Nínú Ìjàpá, ẹ má retí éésì, ariwo ẹ́ńjìnnì ló ń wá látẹ̀yìn, ṣùgbọ́n kò ní omi tó lè gbẹ, atẹ́gùn ló fi ń tutù. Mo gun Òkè Màpó pẹ̀lú tèmi láìmọye ìgbà.

Àwọn tó ń fojú tín-ín-rín Micra, ẹ fetí sílẹ̀. 504 gba ipò mọ́tò ọdún ní Yúróòpù ní 1969. K11 yìí gba tirẹ̀ ní 1993, òun sì ni mọ́tò Japan àkọ́kọ́ tó gbà á. Àwọn tó fún un kì í ṣe ọmọdé.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Àdìgún ni pé kì í ṣe kékeré ni mọ́tò fi ń gbọn èèyàn. Ẹsẹ̀ tó ti kú ló ń gbọn èèyàn. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ti da omi, tí àwọn rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ti jẹ, Jeep gan-an á fọ́ yín níbàdí. Ìkejì ni táyà. Àwọn fọganáísà wa, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń fẹ́ ẹ dé. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ òpó ibẹ̀, iye tí táyà yẹ kó gbà wà lára ẹ̀. Táyà tó bá rọ̀ ń jẹ epo, èyí tó bá le jù ń gbé kòtò wọlé wá bá yín.

Àdìgún_Akóbò:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti wo òpó ilẹ̀kùn náà. Táyà ẹ̀yìn mi kan kò tó ìdajì ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Dáṣíbọ́ọ̀dù tèmi ń ka máìlì lóòótọ́, mo ti yí i sí kìlómítà kí n tó kọ 8. Nítorí náà 8 ni.

Mẹkáníìkì_Gate:

Ọ̀gá Àdìgún, ẹ má tíì ta nǹkan kan. Ẹ̀gbẹ́ ọjà páàtì Aràròmi ní Àgodi Gate ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mọ́tò tó ń ṣe 8 dípò 10, ó ní ohun tó ń ṣe é. Bí ẹ bá tà á, ẹni tó rà á á wá bá mi, n ó tún un ṣe fún un, á wá máa gbádùn ohun tí ẹ tà lówó pọ́ọ́kú.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa wò ni thermostat. Àṣà kan ti wọ àárín àwa mẹkáníìkì, n ò ní bò ó. Bí mọ́tò bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan, a ó yọ kiní náà sọnù, a ó ní ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òtútù, mọ́tò ò nílò ẹ̀. Irọ́ ni. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó ti ọ̀nà omi pa títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná débi tó yẹ, kó tó wá ṣí i kí omi lè lọ sínú radiator. Ti 1.8 yìí ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ní bíi digíríì 82. Bí kò bá sí níbẹ̀, omi ò ní dúró rárá. Ẹ ń sáré lọ sí Ọ̀yọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ sí radiator, ẹ́ńjìnnì á wà ní 60, 65. Kọ̀ǹpútà mọ́tò á gbà pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa fún un ní epo àfikún títí ẹ ó fi débẹ̀. Ọ́ìlì náà kò ní yọ́ dáadáa, ẹ́ńjìnnì á tètè jẹ. Mọ́tò tí wọ́n ti yọ thermostat ẹ̀ sábà máa ń ní àbúrò: fáànù tí wọ́n so mọ́ kọ́kọ́rọ́ tààrà, tó ń yí láti ìgbà tí ẹ bá ti tanná sí mọ́tò títí ẹ ó fi pa á.

Ohun kejì, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù bóyá iná O/D OFF ń tàn. Bọ́tìnnì kan wà lára ọwọ́ jíà, ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́, ẹni tó ń fọ mọ́tò lè tẹ̀ ẹ́. Bí iná yẹn bá ń tàn, jíà kẹrin ò ní wọlé láéláé. Ẹ ó máa fi jíà kẹta sáré, ẹ́ńjìnnì á máa ké, ẹ ó ní bó ṣe máa ń ké nìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e dé ojú títì, ẹ dúró, ẹ fọwọ́ sún mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá gbóná ju ìyókù lọ, bíréèkì ibẹ̀ ló ń di í mú. Ẹ ń fi epo tì í. Ẹ yọ fílítà afẹ́fẹ́ náà wò. Eruku Akóbò nígbà ọyẹ́, ẹ̀yin gan-an mọ̀ ọ́n.

Bákan náà ni ti sẹ́ńsọ̀ oxygen tó wà lára èéfín. Bó bá ti dàgbà, kì í sọ òótọ́ fún kọ̀ǹpútà mọ́. Àwọn tó ń kiri ra catalyst, kiní tó ń fọ èéfín mọ́tò mọ́, náà ti ba ọ̀pọ̀ mọ́tò jẹ́ fún wa. Wọ́n á gé e kúrò, wọ́n á fi páìpù lásán dí ojú ẹ̀, iná check engine á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, ẹni tó fẹ́ tà á á sì wá ọgbọ́n pa iná náà. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra mọ́tò nínú yín, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tanná sí ẹ́ńjìnnì. Iná check engine gbọ́dọ̀ tàn nígbà yẹn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá tanná sí i. Bí kò bá tàn rárá, ẹ kó owó yín padà sápò.

Mọ́tò Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ihò OBD2 lábẹ́ sítíárì. Kiní kékeré kan wà tí ẹ lè ra, ẹ ó kì í bọ ibẹ̀, á máa bá fóònù yín sọ̀rọ̀. Òun ni kí ẹ fi wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó lójú ọ̀nà. Ẹ má gbára lé abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, àárín ló máa ń dúró sí. Ọ̀gá OníMicra, ẹ má bínú, ọ̀pọ̀ K11 kò lè lo kiní yìí, torí Yúróòpù ò sọ ọ́ di dandan fún mọ́tò oníbẹntiróòlù títí di 2001.

Bí ẹ bá sì fẹ́ wọn epo, ẹ kún táńkì títí nọ́sù á fi já fúnra ẹ̀, ẹ má fún un mọ́ ọn. Ẹ dá nọ́ńbà ìrìn padà sí òdo. Ẹ wà á títí á fi kù díẹ̀ kó dé ìdajì, ẹ padà sílé epo kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ẹ tún kún un títí á fi já. Iye lítà tó wọlé lẹ ó fi pín ìrìn. Ẹni tó ń ra epo 5,000, 5,000, tó ń wo iná pupa, kò lè mọ nǹkan kan, torí ẹ̀rọ ilé epo gan-an kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

ÌyáÌbejì_Bódìjà:

Mẹkáníìkì tó ń sọ òótọ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbi tí ẹ wà, mo ń bọ̀.

Ìbéèrè mi ni ti éésì. Ọkọ mi á ní kí n pa á kí epo lè pẹ́. Oòrùn Ìbàdàn ní March, nínú mọ́tò tó dúró lójú kan ní Gate!

Akẹ́kọ̀ọ́_Ajíbọ́dẹ:

Ìyá wa, ibi tí ẹ bá wà ló máa sọ. Nínú súnkẹrẹ, éésì ń mu epo lóòótọ́, ẹ́ńjìnnì kékeré ló sì ń mọ̀ ọ́n jù, nítorí agbára tí éésì ń gbà kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù torí pé mọ́tò kéré. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń sáré lójú ọ̀nà Èkó, fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ń dá mọ́tò dúró, ìyẹn náà ń jẹ epo. Ẹ ti fèrèsé níbẹ̀, kí ẹ tan éésì yín.

OníMicra_Òjóò:

Éésì wo? Nínú Micra tèmi, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni fèrèsé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni éésì.

Sàrùmí_RingRoad:

Ẹ ò wá sọ̀rọ̀ gáàsì CNG? Ìjọba ń pariwo ẹ̀.

Tòkúnbọ̀_Challenge:

Ó dáa fún ẹni tó ń wà á láti àárọ̀ dalẹ́. Nínú mọ́tò kékeré, sìlíńdà yẹn á jókòó sínú búùtù, ìwúwo ẹ̀ á sì tẹ ẹ̀yìn mọ́tò mọ́lẹ̀. Níbo ni màmá á kó ẹrù Ọ̀yọ́ sí? Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ó ti máa rọ gáàsì náà lójú ọ̀nà yín kí ẹ tó fi owó sí i. Ẹ̀gbọ́n Sàrùmí, ẹ kò tíì dá wa lóhùn lórí máìlì o.

Àdìgún_Akóbò:

Ẹ kú ìnáwó ọgbọ́n lórí mi. Àbọ̀ rèé.

Mo yá kiní OBD2 náà lọ́wọ́ ọ̀gá kan níbi iṣẹ́, mo fi lọ sí Ọ̀yọ́. Láti ìgbà tí a ti kọjá Mọ́níyà ni ẹ́ńjìnnì ti wà láàárín 62 sí 66, kò sì gòkè mọ́ títí a fi dé. Abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù wà láàárín, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tí mẹkáníìkì tú ilé thermostat, òfìfo ló bá níbẹ̀. Ẹni tó yọ ọ́ tilẹ̀ ti fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú ẹ̀ dáadáa. Mo ra ojúlówó. Sẹ́ńsọ̀ oxygen ti iwájú náà ti kú, mo pààrọ̀ ẹ̀. O/D ò ní wàhálà.

Nísinsìnyí, bí mo bá wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe kọ́ wa, ìgboro ń ṣe 10, díẹ̀ ló fi ń lé. Lọ́nà Ọ̀yọ́, mo rí 13. Gbogbo owó tó lọ sí i kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí mi ò bá fi lé owó Corolla ra Yaris.

Ti màmá ni mo fi kún un. Mo gbé wọn lọ wo Micra tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ. Wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n ní kò burú, wọ́n wá bi mí pé ṣé àwọn á máa sanwó kí wọ́n tó sọ̀ ni? A tún wo Matrix kan ní Challenge. Ibẹ̀ ni ojú wọn ti mọ́lẹ̀. Wọ́n wọlé láìsí pé ẹnikẹ́ni dì wọ́n mú. Nítorí náà, tí mo bá máa pààrọ̀ Corolla lọ́jọ́ iwájú, ìyá ìbejì ló borí. Títí di ìgbà náà, tìmùtìmù líle kan ni mo fi sórí ìjókòó iwájú, ó ti gbé wọn sókè díẹ̀.

OníMicra_Òjóò:

Ẹ kú oríire, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n 10 kò tíì dé 13 o. Fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ tó ń padà lálẹ́, òótọ́ ni, kò tó ohun tí èèyàn ń ta mọ́tò sí. Fún èmi tí mò ń yí Òjóò sí Dùgbẹ̀ láti ìdájí, lítà mẹ́ta lórí mẹ́wàá lowó oúnjẹ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba Micra lọ́wọ́ takisí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ajíbọ́dẹ:

Kìlómítà 130 lóòjọ́, ẹ̀yin fẹ́ lítà 10, Corolla fẹ́ 13. Òótọ́ lẹ sọ. Lítà 3 lójoojúmọ́, ìyẹn kì í ṣe 5 lóṣù.

Àdìgún_Akóbò:

Ọ̀gá Mẹkáníìkì_Gate, ìbéèrè kan ló kù. Bí mo bá wọ kòtò kékeré níwájú, ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀ lápá ọ̀tún. Lórí ọ̀dà tó dán, kò dún. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀kì ni, kí n pààrọ̀ méjèèjì.

Mẹkáníìkì_Gate:

Ẹ má tíì ra ṣọ́ọ̀kì. Ẹ tẹ igun iwájú mọ́tò yẹn mọ́lẹ̀ lágbára, kí ẹ fi sílẹ̀. Bó bá gòkè lẹ́ẹ̀kan tó dúró, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà láàyè. Kọ̀ kọ̀ kọ̀ lórí kòtò kékeré, stabilizer link ló sábà máa ń jẹ́, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, owó ẹ̀ kò tó ti ṣọ́ọ̀kì rárá. Ẹ ní kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fọwọ́ mi í lójú yín. Bó bá ti ń yẹ̀, òun ni. Méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀, tuntun ni kí ẹ rà, ẹ má ra Bẹ́ljíọ̀mù ẹ̀.